Ẹ̀tọ́ Apẹja àti Ìdáàbòbò Ẹja: Ọ̀ràn Odò Elwha



Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdáàbòbò ẹja àti ẹranko nílẹ̀ Yorùbá, èèwọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja. Èèwọ̀ ni ó dá ẹja náà sí. Àwọn tí mo fẹ́ sọ ìtàn wọn lónìí gba ọ̀nà mìíràn: nítorí pé wọ́n ń jẹ ẹja ni wọ́n ṣe dáàbò bò ó.

Àwọn ni ẹ̀yà Klallam ti Ìsàlẹ̀ Elwha, ní ìpínlẹ̀ Washington, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti ń gbé Amẹ́ríkà kí àwọn Òyìnbó tó débẹ̀. Ẹja sámọ́nì a máa ti òkun wọ odò Elwha láti yé ẹyin sínú omi tí a ti bí i. Ní 1913, wọ́n parí dáàmù kan tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 108, ní nǹkan bíi máìlì 5 sí ẹnu odò. Òfin ìpínlẹ̀ náà ti pàṣẹ pé kí dáàmù ní ọ̀nà tí ẹja yóò gbà kọjá. Wọn kò ṣe é. Ní 1927, wọ́n mọ èkejì sókè odò. Ẹja tí àwọn onímọ̀ ṣírò sí nǹkan bíi 400,000 lọ́dún di ẹgbẹ̀rún díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ nídìí ìwé àdéhùn, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀ràn yìí wà. Ní 1855, àwọn baba ńlá wọn fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọ́n di ẹ̀tọ́ kan mú: pé àwọn yóò máa pẹja níbi gbogbo tí àwọn ti ń pa á tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ fi ka ọ̀rọ̀ náà sí yẹpẹrẹ. Wọ́n ń mú apẹja, wọ́n ń gba àwọ̀n. Ní 1974, adájọ́ George Boldt dá a pé ìdajì ẹja tí a lè pa láìpa ìran rẹ̀ run jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ti di alájọṣàkóso ẹja pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì òfo, òfo náà ni. Ẹni tí ìdajì ẹja tọ́ sí, ó tọ́ kí ó béèrè pé, ẹja dà?

Ìbéèrè yẹn ni àwọn Klallam gbé lọ síwájú ìjọba àpapọ̀. Òfin jáde ní 1992. Ní 2011 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn dáàmù náà, iṣẹ́ sì parí ní 2014. Bí omi adágún ti fà, wọ́n tún fojú rí àpáta tí wọ́n gbà pé ibẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ti mọ wọ́n.

Èyí tí ó wú mi lórí jù ni pé nígbà tí odò là, wọn kò sáré mú àwọ̀n. Wọ́n dáwọ́ ẹja pípa dúró láti 2011. Wọ́n ń sin ọmọ ẹja, wọ́n ń tú u sódò. Àwọn olùfẹ́ ẹja kan tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, wọ́n ní ẹja tí a sìn yóò ba ti odò jẹ́. N kò lè fi ojú tín-ín-rín wo ẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ẹni tí kò pàdánù oúnjẹ láti mọ bí ìdúró ti ń gùn tó.

Ìdúró náà gba ọdún 12. Ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n ṣí odò náà fún ìwọ̀nba, fún oúnjẹ àti ayẹyẹ ẹ̀yà náà nìkan. Sámọ́nì tí a ń pè ní coho ni wọ́n gbà kí a pa. Ní ọdún náà, wọn kò tíì fọwọ́ kan àwọn irú sámọ́nì yòókù.