Ẹ Tú Apẹ̀rẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Tí A Fi Ń Múra Ìdánwò

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo rò pé iṣẹ́ ìròyìn ni wọ́n fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Wọ́n ní rárá o, pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn àbúrò wa tó fẹ́ kàwé gboyè kejì ń gbé wá ṣáá: “Ìwé wo ni ká rà?” Ó yẹ kí n lè dáhùn, torí pé mo ti ra èyí tí kò dáa rí.

Lọ́dún 2014, mo fẹ́ lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà. Àwọn ilé-ìwé tí mo kọ̀wé sí ní kí n ṣe ìdánwò GRE. Mo bá ra ìwé ńlá kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù. Ó nípọn bíi búrẹ́dì, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Láràárọ̀, nínú bọ́ọ̀sì BRT láti Mile 12 dé CMS, ni mo ń há ọ̀rọ̀ òyìnbó sórí: èyí lòdì sí tọ̀hún, èyí bá tọ̀hún dọ́gba. Oṣù mẹ́rin gbáko! Ọjọ́ ìdánwò pé, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mi ò rí ẹyọ ìbéèrè kan tó jọ èyí tí mo há. Wọ́n ti yọ irú ìbéèrè méjèèjì yẹn kúrò láti oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ọdún 2005 ni wọ́n tẹ ìwé tèmi.

Màmá mi, tí wọ́n ń ta ata àti tòmátò ní ọjà Mile 12, ni wọ́n san ìdajì owó ìdánwò náà. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn, wọn ò bínú. Wọ́n kàn bi mí pé: “Ṣé o ò tú apẹ̀rẹ̀ náà wò kó o tó sanwó ni?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Kétu, Ìkòsí àti Mile 12, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tòmátò tó ti Kánò tàbí Kàdúná wọlé, èyí tó rẹwà ló máa ń wà lókè apẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni èyí tó ti rà máa ń sá pamọ́ sí. Mo tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún kejì, èsì rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n owó ti tán. PGD ni mo padà ṣe nílé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tú apẹ̀rẹ̀ náà wò papọ̀.

Èkíní, ṣé ìdánwò yẹn tilẹ̀ kàn yín? Láti ọdún 2020 tí àrùn kòrónà dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà ló ti ní àwọn ò béèrè GRE mọ́. Àwọn kan sì tún ti dá a padà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, kódà nínú yunifásítì kan náà. Ẹ kọ̀wé béèrè kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Nílé níbí, àwa tí a gba HND ní póli, PGD la sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe kí wọ́n tó gbà wá fún Másítà. Yunifásítì Èkó ní ìdánwò ìgbaniwọlé tirẹ̀. Ìwé GRE kọ́ lẹ máa fi múra ìyẹn sílẹ̀ o.

Èkejì, ẹ wo ọdún ìtẹ̀wé. Inú ìwé ni kí ẹ ti wò ó, kì í ṣe lára èèpo ẹ̀yìn. Ìwé GRE tó ti wà ṣáájú oṣù kẹwàá ọdún 2002 ní àwọn ìbéèrè tó dà bí àlọ́, ta ló jókòó ti ta, ta ló kọ́kọ́ dé. Àròkọ ni wọ́n ti fi rọ́pò wọn. Èyí tó ṣáájú oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni irú tèmi. Máàkì ìgbà náà ń lọ láti 200 dé 800, ti ìsinsìnyí jẹ́ 130 sí 170. Èyí tó ṣáájú oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kò burú tán. Ẹ lè fi ìbéèrè inú rẹ̀ dánra wò, àmọ́ ẹ má tẹ̀lé ètò rẹ̀, torí àròkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ní báyìí, àròkọ 1 ló kù, pẹ̀lú ìbéèrè èdè 27 àti ìbéèrè ìṣirò 27, gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 58. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá MBA, GMAT náà ti yí padà. Láti oṣù kejì ọdún 2024, ti tuntun nìkan ló kù, kò sì sí àròkọ tàbí àtúnṣe gbólóhùn nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta, ta ló kọ ìbéèrè inú ìwé náà? ETS ló ń ṣètò GRE, ìwé tiwọn, The Official Guide, ló sì ní ìbéèrè tó ti ọwọ́ wọn jáde. Kaplan, Barron’s, Princeton Review àti Manhattan Prep dà bí olùkọ́ lẹ́sìnnì: wọ́n mọ àlàyé ṣe, ṣùgbọ́n àfarawé ni ìbéèrè wọn. ETS tún ní ìdánwò ìdánrawò méjì tí wọ́n ń pè ní POWERPREP. Ọ̀fẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kòsọ́fẹ́ la wà! Ẹ ṣe ọ̀kan kí ẹ tó ra ìwé kankan, kí ẹ fi ìkejì pamọ́ di ìgbà tí ìdánwò bá kù díẹ̀. Èsì tàkọ́kọ́ ló máa sọ ìwé tí ẹ nílò. Bí ìṣirò ló ń dà yín láàmú, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ọ̀rọ̀ òyìnbó mẹ́ta ṣe? Ìṣirò GRE kò kọjá ohun tí àwọn olùkọ́ wa kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àwa la gbàgbé.

Ní ti fọ́tòkọ́pì ìbéèrè àtijọ́ tí a ń rà nítorí ìdánwò ilé, ẹ mú ìbéèrè 5 tí ẹ mọ̀ dájú, kí ẹ wo ìdáhùn tí wọ́n fún un. Bí wọ́n bá ṣi ẹyọ kan, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Lẹ́yìn èyí, ìwé kan tàbí méjì tó. Ẹ kà á tán, kí ẹ máa kọ àṣìṣe yín sílẹ̀. Kò sí ìwé tó ń ka ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ni mo fẹ́ bá sọ ọ́. Nínú ìwé tí mo rà yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé kí Ọlọ́run fi ìwé náà ṣe ẹni tó bá kàn lóore. Kò sí ẹ̀tàn lọ́kàn rẹ̀. Ọdún ló ti kọjá lórí ìwé náà. Lọ́dún 2023, owó ìdánwò GRE ju 200 dọ́là lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí náírà, kí ẹ wá sọ fún mi iye òbí tó lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé yín ta àbúrò lọ́rẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọdún tí ẹ ṣe ìdánwò sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà. Bó bá ti pẹ́ jù, ẹ má fún un rárá. Ẹ kúkú fún un lówó bọ́ọ̀sì.