Òkúta Olúmọ: Bí Ó Ti Di Àpáta àti Bí Ó Ti Di Ààbò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìjọ ní ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún



 Nínú ọ̀sẹ̀ yìí ẹ ti gbọ́ nípa àwọn tí ó kọ́ ilé ìsìn yìí. Iṣẹ́ tiwa ni láti sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ lé, pàápàá nípa Olúmọ, òkúta ńlá tí ó fún Abẹ́òkúta ní orúkọ. A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé, Kí ni ti Olúmọ nínú ilé Ọlọ́run, nígbàtí gbogbo ayé mọ̀ pé ojúbọ wà nídìí rẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́, a ó sì dáhùn rẹ̀ kí a tó jókòó. Ṣùgbọ́n a kì í dá ẹjọ́ ohun tí a kò wò. Nítorínáà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkúta náà fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti Èkó bọ̀, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ilẹ̀ oníyanrìn ni yóò máa là kọjá títí yóò fi súnmọ́ wa. Nígbànáà ni àpáta yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ orí sókè lọ́tùn-ún àti lósì. Ìdí rẹ̀ ni pé ilẹ̀ méjì ni ó pàdé ní agbègbè wa. Láti ìhà àríwá ni ilẹ̀ akọ òkúta ti wá, èyí tí í ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì hàn sí gbangba ní bí ìdajì ilẹ̀ Nàìjíríà. Láti ìhà gúúsù ni òkúta oníyanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Ó bo akọ òkúta náà mọ́lẹ̀, ó sì ń nípọn sí i bí a ti ń lọ sí etí òkun. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi orúkọ Abẹ́òkúta pe òkúta oníyanrìn yìí nínú ìwé wọn. Odò Ògùn pẹ̀lú jẹ́rìí sí ìpàdé ilẹ̀ méjèèjì: nígbà kan rí, ní àkókò òjò, ọkọ̀ ojú omi a máa gùn ún láti Èkó wá dé Àrò, ṣùgbọ́n lókè níbẹ̀ ni àpáta inú odò ti ń dí ọ̀nà.

Gíránáìtì ni orúkọ tí a ń pe irú akọ òkúta tí Olúmọ í ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá mú èérún rẹ̀ lọ́wọ́, tí ó sì gbé e sí oòrùn, yóò rí ẹ̀yà mẹ́ta níbẹ̀. Èkíní ń dán bí dígí, ó sì le púpọ̀: quartz ni. Èkejì tóbi ju àwọn yòókù lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí eérú tàbí bí ẹran ara: feldspar ni. Ẹ̀kẹta dúdú, ó fẹ́lẹ́ bí ewé, ó sì ń tàn yinrinyinrin: máíkà ni. Àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí kì bá tí tóbi tó bẹ́ẹ̀ bí òkúta náà bá tutù kánkán. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn, ní ọ̀pọ̀ máìlì sí ibi tí ẹsẹ̀ wa tẹ̀ lónìí, ni ó ti yọ́ bí irin inú iná àgbẹ̀dẹ, tí ó sì tutù díẹ̀díẹ̀. Èyí ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún lọ́nà 600 sẹ́hìn. Kí iye ọdún yìí máṣe dẹ́rù bà ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ pé Ọlọ́run kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò yẹ kí ó bẹ̀rù pé iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ pẹ́.

Báwo ni ohun tí ó wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti ṣe dé òkè, tí ṣóńṣó orí rẹ̀ fi ga ju ojú òkun lọ ní mítà 137, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 450? Olúmọ kò hù láti inú ilẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán. Ilẹ̀ tí ó bò ó ni òjò àti àgbàrá wọ́ lọ ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀, fún ìgbà tí ó pọ̀ ju èyí tí ọkàn ènìyàn lè rò lọ. Nígbàtí ẹrù ńlá náà kúrò lórí rẹ̀, òkúta náà na ara, bí alárù ti í na ẹ̀hìn nígbàtí a bá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Nínú nínà náà ni ó ti sán: ó sán ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, ó sì sán lóòró pẹ̀lú.

Ojú sísán wọ̀nyí ni omi òjò gbà wọlé. Omi tí ó ti inú ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ kọjá ní agbára díẹ̀ nínú láti jẹ òkúta. Kò lè ṣe quartz ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n feldspar a máa rọ̀ níwájú rẹ̀, a sì máa di amọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń mọ ìkòkò. Lẹ́hìn èyí, àgbàrá gbá amọ̀ náà jáde láàrin òkúta, ó sì ku àwọn àpáta tí kò jẹrà, èyí tí ó dúró lórí èkejì, èyí tí ó fara ti ẹnìkejì rẹ̀, tí àlàfo àti ihò sì wà lábẹ́ wọn. Gbòǹgbò igi pẹ̀lú ń wọ inú ojú sísán wọ̀nyí, ó sì ń fẹ̀ wọ́n sí i títí di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró. Bí Olúmọ bá jẹ́ òkúta kan ṣoṣo tí kò sán, tí omi kò sì rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀, a bá máa yìn ín fún gíga rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Ẹ̀gbá kan tí ì bá ríbi sá sí lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí òkúta náà ti ṣe aláìlágbára ni ó ti di ààbò.

Nísisìyí ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹnu àwọn àgbà. Wọ́n ní àwọn ọdẹ ni ó kọ́kọ́ fi ihò Olúmọ ṣe ibùgbé, àti pé Adágbá, ará Ìtokò, dá oko sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ilẹ̀ yìí ní Oko Adágbá kí ó tó di ìlú. Ní àwọn ọdún 1820, ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó wọn, láti Aké títí dé Òkè-Ọnà àti Gbágùrá. Àwọn tí ó ṣẹ́kù bá ara wọn ní àgbègbè Ìbàdàn, láàrin àwọn tí kò fẹ́ràn wọn. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn wá sí ìdí Olúmọ. Ní ọdún 1834 àwọn Òwu pẹ̀lú wá bá wọn.

Nínú ihò náà, a ń rí ojú kòtò róbótó lára òkúta, àwọn àgbà sì ní ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ ata, tí wọ́n sì ń gún oúnjẹ, nígbàtí ogun kò jẹ́ kí wọ́n lè jáde. Àwọn kan a máa sọ ìtàn náà bí ẹni pé gbogbo Ẹ̀gbá ni ó wọ inú ihò kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ti wọ ibẹ̀ rí, tí ó tẹ orí ba kí ó tó kọjá, mọ̀ pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè gbà. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kì í ṣe irọ́. Òkè àti àpáta tí ó yí Olúmọ ká pọ̀ bí ilé nínú abúlé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wà lókè ń rí ọ̀tá láti òkèèrè, ẹni tí ó bá sì wà nísàlẹ̀, ọ̀tá kò rí i. Gbogbo ilẹ̀ náà ni ihò ààbò. Ìlú kọ̀ọ̀kan mú ìdí àpáta tirẹ̀, ó sì gbé orúkọ tí ó ti inú igbó mú wá kalẹ̀ níbẹ̀: Aké, Ìtokò, Ìkìjà, Ìjẹmọ̀, Kémta, Ìgbẹ̀in àti àwọn yòókù, bí a ti ń jẹ́ wọn títí di òní.

Ní ti orúkọ Olúmọ, ọ̀nà méjì ni a ń gbà túmọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní, Olúwa ni ó mọ ọ́n, bí a ti í mọ ilé àti bí a ti í mọ ìkòkò. Àwọn mìíràn ní, Olúwa ni ó mú kí ìyà wa mọ síhìn-ín, èyíinì ni pé ìrìnkèrindò wa parí níbí. Ìtumọ̀ èkíní bá ẹ̀kọ́ onímọ̀ ilẹ̀ mu ju bí a ti rò lọ, nítorí nípa yíyọ́ àti mímọ ni òkúta náà ti wá. Èkejì ni ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó lójú ọ̀nà. Kò sí ìdí tí a ó fi yan ọ̀kan kí a sì sọ èkejì nù.

Nígbàtí Gezo, ọba Dàhómì, gbógun wá ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1851, tí Glele ọmọ rẹ̀ sì tún wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 1864, wọ́n padà pẹ̀lú òfò ńlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Olúmọ ni ó jà. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá odi ìlú ni ìjà náà ti ṣẹlẹ̀, àwọn tí ó dúró lórí odi náà sì jẹ́ ọmọ àwọn ìlú tí ogun ti tú ká rí, nígbàtí olúkúlùkù ń dá jà. Ohun tí ó yàtọ̀ ní ọjọ́ wọnnì ni pé wọ́n ti di ọ̀kan. Òkúta náà fún wọn ní àyè láti di ọ̀kan; ìyókù, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é.

Nísisìyí a dé ibi ìbéèrè tí a ti gbà láti dáhùn. Nígbàtí Henry Townsend àti Andrew Wilhelm dé ní oṣù Kíní ọdún 1843, Ṣódẹkẹ́ tí ó mú àwọn ènìyàn wá sí ìdí Olúmọ ni ó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbàtí Àjàyí Crowther dé ní ọdún 1846, ní ìlú yìí ni ó ti rí Àfàlá ìyá rẹ̀, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹjọ, lẹ́hìn ọdún 25 tí ogun ti yà wọ́n. Bí kò bá sí ibi ààbò, ta ni ìbá ṣẹ́kù láti gbọ́ Ìhìnrere? Nítorínáà Kristẹni lè sọ ìtàn Olúmọ láìfi orí balẹ̀ fún Olúmọ. Ẹni tí a gbà là nínú ọkọ̀ kì í bọ ọkọ̀; síbẹ̀ kì í gbàgbé irú igi tí a fi kàn án.

Ọ̀rọ̀ yìí ní iṣẹ́ nínú fún wa. Ìjọba ń ṣọ́ Olúmọ, àlejò sì ń wá wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn àpáta kéékèèké tí ó wà káàkiri àdúgbò wa kò ní olùṣọ́. Àwọn kan ń fi iná àti òòlù fọ́ wọn fún ilé kíkọ́, a kò sì lè dá ẹni tí ń wá oúnjẹ òòjọ́ lẹ́bi lásán. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àpáta wọ̀nyí ní orúkọ àti ìtàn. Nígbàtí a bá fọ́ àpáta, tí àgbà tí ó mọ ìtàn rẹ̀ sì kú, ohun méjì ni ó sọnù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa lọ bá àwọn àgbà nínú ilé wọn, kí wọ́n kọ orúkọ àpáta kọ̀ọ̀kan àti ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìjọ.

Èkejì kan ẹ̀mí àti ilé wa. A ti sọ pé àpáta dúró lórí èkejì, tí amọ̀ sì wà láàrin wọn. Amọ̀ náà ni ìrọ̀rí wọn. Ẹni tí ó bá ń wa ilẹ̀ nídìí àpáta láti fẹ ojúlé rẹ̀, tàbí tí ó bá yí àgbàrá sí ìdí rẹ̀, ń fa ìrọ̀rí yọ lábẹ́ orí ẹni tí ó sùn. Kí gbogbo wa kíyèsí i, kí a sì kìlọ̀ fún aládùúgbò wa.

Àwọn baba wa sá wá sábẹ́ òkúta tí ó sán, àwọn pàápàá sì jẹ́ ènìyàn tí ogun ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Láti inú méjèèjì ni ìlú kan ti jáde, ọmọ ìlú náà sì ni wá. Kí Ọlọ́run tí ó mọ òkúta, tí ó sì pa àwọn ènìyàn mọ́ lábẹ́ rẹ̀, kí Ó pa ìjọ yìí mọ́ ní ìṣọ̀kan títí di ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn. Àmín.