Dídè ni tàbí Jíjó Pọ̀?

Irin ààbò tí àwọn tí ń wa ọkọ̀ gun àpáta ń fi sí abẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Ní ọ̀nà Rubicon ní Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó gùn tó bíi máìlì 22, ọkọ̀ a máa jókòó lé àpáta. Irin yìí ni í ru ẹrù náà, kí ara ọkọ̀ má baà tẹ̀ wọnú. Ṣé kí a fi bóòtù dè é mọ́ ṣáásì ni, tàbí kí a jó o mọ́ ọn?

Àwọn tí ń jó o ní àwíjàre. Irin tí a jó dáradára kò ní bóòtù tí yóò tú, kì í sì í mì. Ṣùgbọ́n iná náà a máa ba ọ̀dà inú ṣáásì jẹ́, níbi tí ọwọ́ akunlé kò lè dé. Ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí irin náà bá sì wọ́, gígé ni a óò gé e kúrò.

Èyí tí a dè, sípánà ni a fi ń tú u. Àléébù rẹ̀ ni pé bóòtù a máa dẹ̀. Dandan ni kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan.

Ní tèmi, ẹni tí kò bá rí jórinjórin tí ó mọṣẹ́ dunjú, kí ó dè é. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: ibi tí a kò jó dáradára, orí àpáta ni yóò ti já. Ohun tí a lè fẹ́ tú lọ́la, ẹ má jẹ́ kí a jó o pọ̀ lónìí.