Ìsọ̀ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Kí Oníbàárà Má Baà Yà Sọ́dọ̀ Ẹlòmíràn

 

Púpọ̀ nínú wa ló ń fẹ́ ní wẹ́bùsáìtì báyìí. Ó dáa. Àmọ́ kí á tó sanwó fún ẹni tó máa ṣe é, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ṣé oníbàárà á lè rajà níbẹ̀ láìdààmú?

Ní Mile 12 yìí, ẹni tó bá dúró níwájú tòmátì wa ti rí bí apẹ̀rẹ̀ ṣe tóbi tó. Bí nǹkan kò bá yé e, á bèèrè. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò bá tètè rí ohun tó ń wá, á yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn, a ò sì ní mọ̀ pé ó wá rárá.

Nítorí náà, ìkíní: orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wò ó, dátà sì wọ́n. Kí fọ́tò wa má tóbi jù. Ìkejì: kí iye owó hàn, pẹ̀lú ọjọ́ tí a kọ ọ́, torí iye ata àná lè má jẹ́ ti òní. Ìkẹta: kí nọ́ńbà fóònù wa wà lókè. Ìkẹrin: ohun tí a fi hàn ni kí a fi ránṣẹ́. Nígbà tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2012, wọ́n jẹ́ kí èèyàn sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀, torí ẹ̀rù gbájúẹ̀ ń ba aráàlú.

Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ó rọrùn? Jakob Nielsen, ọmọ Denmark tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú, kọ ọ́ lọ́dún 2000 pé bí èèyàn márùn-ún péré bá dán an wò, èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù rẹ̀ á ti hàn. Ẹ gbé fóònù fún èèyàn márùn-ún tí kò rí i rí, ẹ ní kí wọ́n ra apẹ̀rẹ̀ ata rodo kan. Ẹ panu mọ́, ẹ máa wò wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti há, ibẹ̀ ni ká tún ṣe. Ẹ má sọ pé wọn ò mọ̀wé. Wẹ́bùsáìtì ni kò mọ ọjà tà.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká wẹ́bùsáìtì lè lo WhatsApp Business, tó jáde lọ́dún 2018. Ó láyè tí a lè to ọjà àti iye rẹ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kan náà ló wà fún un.

Oníbàárà tó bá lọ tẹ̀rín-tẹ̀rín ló ń mú ẹlòmíràn wá.  Ajé á wọ igbá wa.