Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Kọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ní Fremont

Ẹgbẹ́ ní kí á sọ̀rọ̀ lórí bóyá owó tí a fẹ́ fi rán àwọn ọ̀dọ́ wa lọ kọ́ ìṣiṣẹ́ láìfi nǹkan ṣòfò yóò so èso, tàbí yóò kàn ṣègbé. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní Fremont, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, General Motors ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n tì pa ní 1982. Òkìkí burúkú ni ó ní: lójúmọ́ mìíràn, òṣìṣẹ́ 20 nínú 100 lè má yọjú rárá, ọkọ̀ alábùkù a sì máa jáde. Ní 1984, Toyota bá General Motors dòwò pọ̀, wọ́n sì tún ilé náà ṣí ní orúkọ NUMMI. Ẹ gbọ́ èyí o: àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ náà gan-an ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà. Síbẹ̀ kò pẹ́ tí ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dára tó ti Jàpáàn.

Kí ni wọ́n kọ́ wọn? Wọ́n kó àwọn olórí ìsọ̀rí òṣìṣẹ́ tó ju 400 lọ sí Jàpáàn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n bá àwọn ará ibẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Amẹ́ríkà ni ó sì kọ́kọ́ dá irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà ogun Hitler: a ó fi iṣẹ́ han ẹni náà, a ó sọ ìdí rẹ̀, a ó jẹ́ kí ó ṣe é lójú wa, a ó sì máa padà wá wò ó. Lẹ́yìn ogun ni ó dé Jàpáàn, Toyota sì gbà á ní àwọn ọdún 1950. Ọmọ tó rìnrìn àjò ni ó padà wálé.

Ṣùgbọ́n okùn kan ni ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́ jù. Ó gba òkè orí àwọn òṣìṣẹ́ kọjá. Ẹni tó bá rí àṣìṣe, ì báà kéré jù lọ láàárín wọn, yóò fà á. Olórí rẹ̀ yóò sáré wá, bí wọn kò bá sì tètè tún un ṣe, iṣẹ́ yóò dúró. Nígbà àtijọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Ní nǹkan bí 1988 tí ọjà kò yá, wọn kò dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n tún fi wọ́n sí. Ta ni yóò fẹ́ fi ọ̀nà tí iṣẹ́ lè gbà rọrùn han ọ̀gá, bí ó bá mọ̀ pé òun ni wọ́n yóò fi lé lọ?

General Motors gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sí Van Nuys, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ kò fẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Iye ọkọ̀ tó jáde ni wọ́n ń kà. Wọ́n tì í pa ní 1992. NUMMI ní tirẹ̀ ṣiṣẹ́ títí di 2010.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ìgbìmọ̀ owó pé kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ lórí ọmọ kan, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọ̀gá tí yóò padà sí lọ́dọ̀ bóyá yóò gbà kí ó dá iṣẹ́ dúró nígbà tó bá rí àbùkù. Bí ọ̀gá náà bá kọ̀, kí wọ́n gbé owó náà fún ọmọ ẹlòmíràn.