ILÉ TUNTUN: Ẹ YẸ̀ Ẹ́ WÒ KÍ Ẹ TÓ GBA KỌ́KỌ́RỌ́

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá wa sọ níbi àpéjọ ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ wa)

 

Nígbà tí akọ̀wé wa ní kí n wá bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èmi tí mò ń ta ata àti tòmátò, kí ni mo mọ̀ nípa ilé?" Ó ní, "Ìyá, ohun tí ojú yín rí ni kí ẹ sọ." Ó dáa, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn. Ẹ̀yin ẹ gbọ́n.

Ní ọdún 2011, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa yìí. Ìlọ́po méjì owó tí mo fi pamọ́ ni wọ́n yá mi, ọmọ ẹgbẹ́ méjì sì ṣe onídùúró fún mi. Mo fi kún èyí tí mo ti ń kó jọ, mo gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe kan. Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ ni, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nínú oṣù Kejìlá ó pè mí pé ilé ti parí. Mo dé ibẹ̀, ọ̀dà ń dán, táìlì ń kọ mànà. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ka gbogbo owó tó kù fún un lójú ẹsẹ̀. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, a ya fọ́tò. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí a fi ṣe ìṣílé.

Ẹ ṣàkíyèsí oṣù tí mo dá yẹn. Ọyẹ́ ló ń fẹ́, òjò kankan kò sí. Oṣù Kẹta ni òjò àkọ́rọ̀ dé, òru ọjọ́ náà gan-an ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ. Bí ẹ bá wẹ̀ ní balùwẹ̀, omi kì í lọ sí ihò tó yẹ kó bá lọ, ẹnu ọ̀nà ló ń ṣàn bọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, omi kànga wa ti ń rùn. Àṣé kòtò soakaway tí wọ́n gbẹ́ sẹ́yìn ilé, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló fi jìnnà sí kànga.

Mo pe agbaṣẹ́ṣe. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń gbé fóònù. Nígbà tó yá, kò gbé e mọ́. Kí ló fẹ́ wá ṣe? Ṣebí owó rẹ̀ ti pé lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ẹgbẹ́ tí mò ń san lóṣooṣù kò dúró dè mí, owó àtúnṣe náà kò dúró. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń náwó sórí ilé tí mo rò pé mo ti kọ́ tán. Àwọn onídùúró mi jókòó síbí lónìí, wọ́n mọ iye ìgbà tí ọjọ́ ìsanwó dé tí n kò lè gbójú sókè wò wọ́n.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé èmi mọ ọjà í yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá já apẹ̀rẹ̀ tòmátò sílẹ̀ níwájú mi, ta ló lè fi èyí tó pọ́n lókè tàn mí jẹ? Ọwọ́ mi á wọ ìsàlẹ̀ kí n tó dá iye. Ẹ̀yin aláṣọ, ṣé ẹ ò ní tẹ́ aṣọ síta nínú ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó sanwó ni? Ẹ̀yin elélùbọ́, ṣé ẹ ò ní fọwọ́ bù ú kí ẹ mọ̀ bóyá ó gbẹ? Ọjà tí a ó tà tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ń yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀. Ọjà tí a fi iṣẹ́ ogún ọdún rà, a wo ọ̀dà, a sanwó! Ọ̀dà àti táìlì ni tòmátò òkè apẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo wá sọ lónìí nìyẹn: ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kí owó tó kù tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ní ọdún 2018, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni òun náà, fẹ́ gba ilé tirẹ̀. Mo ní irú tèmi kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tó kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Poli. Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀, a ti dé ibẹ̀. Ohun tí ọmọ náà kó dání kò ju korobá kan, iná tọ́ọ̀ṣì, owó kọ́ìnì, bọ́ọ̀lù kékeré tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ṣájà fóònù, ṣọ́ọ̀kì, pẹ́ńsù àti ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe é.

Òrùlé ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó gun àkàbà wọ inú àjà lókè sílíìnì, ó pa tọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sínú òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá ti yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni òjò máa gbà wọlé. Ó rí mẹ́rin, níbi tí wọ́n ti kan ìṣó tí wọ́n tún yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fi rọ́bà da omi sórí páànù, pàápàá níbi tí òrùlé méjì ti pàdé, àwa sì dúró nínú yàrá, à ń wo sílíìnì. Bí ẹ bá lè dúró kí òjò ńlá kan rọ̀ sórí ilé kí ẹ tó gbà á, ẹ dúró. Òjò kì í gba rìbá.

Ó kan omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pọn tánkì kún, kí ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí omi dé, kí ẹ lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí omi ti fà sẹ́yìn, omi ń jò níbì kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ, ẹ fọ ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síǹkì. Ní balùwẹ̀, ẹ da korobá omi kan sílẹ̀ kí ẹ wo ibi tó ń lọ. Bọ́ọ̀lù kékeré yẹn náà, ẹ gbé e sílẹ̀: ihò omi ló yẹ kó yí lọ. Ti àbúrò mi, ẹnu ọ̀nà ló yí lọ, bíi tèmi gẹ́lẹ́. Ó wá fi kọ́ìnì ń kan táìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí sìmẹ́ǹtì kún abẹ́ rẹ̀ ń dún gan-an, èyí tó ṣófo lábẹ́ ń dún bí agbè. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé fíríìjì lé irú rẹ̀ lórí, ó lè fọ́.

Ti kànga àti soakaway, ẹ má fi ṣeré o, nítorí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n fi nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn mítà 30, jìnnà síra. Àwa tí ilẹ̀ wa kò ju 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ, kò rọrùn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wà níwájú, kí èkejì wà lẹ́yìn, kí kànga wà níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ẹ sì bi aládùúgbò níbi tí tirẹ̀ wà, torí soakaway ẹlòmíràn lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yín. Bí àyè kò bá gbà yín, ẹ má mu omi náà láìsè é.

Ẹ tún wo ògiri. Sísán tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí lára simẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri wọ́pọ̀ nígbà tí ilé bá ń gbẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá dágẹ̀rẹ́ láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn láàárín búlọ́ọ̀kù, tàbí tí etí kọ́ìnì bá wọ inú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí orí àti ìdí rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ síbẹ̀. Bí oṣù kan bá kọjá tó ti gùn ju àmì lọ, ilé ń rìn nìyẹn. Bó bá jẹ́ lára òpó tàbí déékìn ni sísán wà, ẹ pe ẹnjiníà tó ní ìwé ẹ̀rí COREN lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ fetí sí mi dáadáa. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé ìwé àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fààjì, Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó pa èèyàn tó lé ní 40. Irin inú òpó, bí wọ́n bá ti da kọnkéré bò ó, ojú wa kò lè rí i mọ́. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti rán ẹnu rẹ̀ pa nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni kí ẹnjiníà wá wò ó, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilé kíkọ́ náà sì wá. Bó bá parí, ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé ilé yẹ láti gbé.

Ti iná kò gùn. Ẹ fi ṣájà fóònù yẹ gbogbo sókẹ́ẹ̀tì wò, ẹ tan gbogbo gílóòbù. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe iná tú sókẹ́ẹ̀tì kan lójú yín: waya mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni èyí tó wọ inú ilẹ̀ lọ. Waya sókẹ́ẹ̀tì yẹ kó nípọn ju ti gílóòbù lọ. Bí wọn kò bá múná wá, ẹ lo jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, èéfín rẹ̀ ń pààyàn. Irin ojú fèrèsé náà, ó kéré tán kí ọ̀kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan ṣeé ṣí láti inú, nítorí iná. Bí ẹ bá sì ti gba ilé, ẹ pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn ìta.

Ohun mẹ́tàlélógún ni ọmọ náà kọ sílẹ̀. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe rí ìwé, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Àbúrò mi ní, "Mo fọkàn tán yín, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wà níbẹ̀ bí a ṣe ń wò ó." Àmọ́ ẹ̀yin ìyá mi, kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe ló le jù. Aṣọ ẹbí ti wọlé, a ti sanwó kánópì, àwọn ẹ̀gbọ́n wa nílé ti ń múra. Gbogbo ẹbí ní kó gbà á bẹ́ẹ̀, pé wọ́n á tún un ṣe tó bá yá. Òun nìkan ló dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sún ìṣílé síwájú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn kan kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe fọwọ́ sí ìwé náà, òun náà sì mú ọ̀kan. Owó tó kù ṣì wà lọ́wọ́ wa, nítorí náà ó wá. Wọ́n fọ́ ilẹ̀ balùwẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n dí òrùlé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, a san owó, a sì dá 5 nínú 100 dúró di ìgbà tí òjò ọdún náà bá rọ̀ tán, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ńlá. Agbaṣẹ́ṣe náà wá síbi ìṣílé, ó jó. Ẹni méjì nínú àwọn àlejò wa ló gbé iṣẹ́ fún un lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ má dá ọjọ́ ìṣílé kí ẹ tó yẹ ilé wò. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ má fi fọ́tò nìkan ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀dà ni fọ́tò ń fi hàn.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ. Ẹ jọ̀wọ́, owó ilé kíkọ́ tí ẹ bá ń yá wa, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí ìpín tó kẹ́yìn dúró di ìgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá bá ẹni náà lọ yẹ ilé wò, tí wọ́n sì mú ìwé wá. Kò ná wa ní nǹkan ju àárọ̀ ọjọ́ kan lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kò lè rówó san, bí kò bá sì san, onídùúró ló kàn, lẹ́yìn náà gbogbo ẹgbẹ́. Èmi fúnra mi ṣe tán láti bá ẹnikẹ́ni lọ. Korobá mi wà nílẹ̀.

Ilé tí a kọ́ kò ní wó lé wa lórí. A ó kọ́lé, a ó pẹ́ nínú rẹ̀, ọmọ wa yóò jogún rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa kò ní dàrú.