Egbò Ẹsẹ̀ Tí Kò Jinná: Ìpinnu Mùsùlùmí Lórí Iṣẹ́ Abẹ



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá àìsàn, tí ó sì dá ìwòsàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó di olórí ilé lọ́la, ọ̀rọ̀ òní dá lórí ohun tí ó ń fa awuyewuye nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Òkè-Ògùn. Egbò kékeré yọ lẹ́sẹ̀ baálé. Ó dà bí ibi tí bàtà ti há a tàbí ibi tí kùkùté ti gún un. Oṣù mẹ́ta kọjá, egbò kò jinná. Ọdún yípo, ẹsẹ̀ wú, ó ń rùn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, bóyá kí wọ́n tilẹ̀ gé ẹsẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ilé ti pín sí méjì. Àwọn kan ní, "Ẹsẹ̀ tí Ọlọ́hun dá, ta ni yóò gé e?" Àwọn kejì ní kí wọ́n tètè gé e kí baba má baà kú. Aláìsàn fúnra rẹ̀ dákẹ́, ó ń wojú ọmọ, ó ń wojú àbúrò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ẹsẹ̀ ni àgbẹ̀ Ṣakí fi ń dúró kọ ebè. Ẹsẹ̀ ni ahunṣọ Ìsẹ́yìn fi ń tẹ òfì bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń hun aṣọ òkè. Ẹni tí ó bá ní kí irú wọn yọ̀ǹda ẹsẹ̀ ti bèèrè ohun ńlá. Nítorí náà, kò yẹ kí ìbẹ̀rù ṣe ìdájọ́ yìí, kò sì yẹ kí ìkánjú ṣe é. Ìmọ̀ ni kí ó ṣe é.

KÍ NI KÒ JẸ́ KÍ EGBÒ JINNÁ?

Láyé àtijọ́, sòbìà wà lára ohun tí ará oko mọ̀ mọ́ egbò ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí ó ní in káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 1987 sí 1988, iye wọn ju 650,000 lọ. Omi mímọ́ àti asẹ́ ni wọ́n fi lé e lọ, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Sòbìà lọ, ṣùgbọ́n egbò ẹsẹ̀ kò lọ.

Lónìí, àtọ̀gbẹ tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà wà lára àwọn ohun ńlá tí ó ń fà á. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń ba iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, ẹsẹ̀ a sì kú tipiri. Ẹ̀gún gún un, kò mọ̀. Omi gbígbóná bó o, kò mọ̀. Ó tún máa ń sọ ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ di tóóró, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dé ìsàlẹ̀ dáadáa láti tún ojú egbò ṣe. Tábà mímu ń mú kí ọ̀nà náà fún sí i. Kòkòrò àìsàn a wá rí ibùgbé, a wọ inú ẹran, a sì lè wọ inú egungun.

Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ènìyàn ń sọ ládùúgbò? Wọ́n á ní baba tẹ oògùn mọ́lẹ̀, wọ́n á ní ọ̀tá ló fi ṣe é. Owó tí ó yẹ kí wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò yóò bá ọ̀dọ̀ adáhunṣe lọ. Ẹni tí ó ń wá ọ̀tá kiri nígbà tí ṣúgà ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Islam kò sọ pé ìlara àti iṣẹ́ ibi kò sí, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni ó ń sọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

ÌWÒSÀN KÒ TAKO ÌGBÁRALÉ ỌLỌ́HUN

Àwọn tí ó ń sọ pé kí aláìsàn fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́hun kí ó sì jókòó kò ka ẹ̀sìn dé òpin. Nínú hádíìsì Usāmah ọmọ Sharīk, Ànábì pa á láṣẹ pé kí àwọn ẹrú Ọlọ́hun máa wá ìwòsàn, nítorí pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ láìsí oògùn rẹ̀, àyàfi ọjọ́ ogbó. Nígbà tí Ubayy ọmọ Ka‘b ṣàìsàn, Ànábì rán oníṣègùn sí i, ẹni náà gé iṣan rẹ̀ kan, ó sì fi iná jó ojú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni ìyẹn. Suratul-Baqarah, ẹsẹ 195, sì kọ̀ fún Mùsùlùmí láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ sínú ìparun.

Àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ kò fi èyí mọ sí ẹnu. Abul-Qāsim az-Zahrāwī, tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 1013, gbé ní ẹ̀bá Cordoba ní ilẹ̀ Andalus. Ó kọ ìwé ìṣègùn tí ó ní apá 30, ó sì fi apá tí ó kẹ́yìn ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú àwòrán àwọn irinṣẹ́ rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù fi kọ́gbọ́n nínú rẹ̀.

‘URWAH ỌMỌ ZUBAYR

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni ‘Urwah, ọmọ Zubayr àti Asmā’ ọmọ Abū Bakr, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ méje tí Madīnah fi ń yangàn. Ó rin ìrìn-àjò lọ bá Khalīfah al-Walīd, ẹni tí ó jọba láti ọdún 705 sí 715, ní Damascus. Àrùn tí ń jẹra mú un lẹ́sẹ̀. Àwọn oníṣègùn wò ó, wọ́n ní bí wọn kò bá gé e, yóò máa gòkè títí yóò fi ba gbogbo ara jẹ́. Kì í ṣe aláìgbàgbọ́, kì í ṣe òpè, síbẹ̀ ó gbà. Wọ́n fẹ́ fún un ní ohun tí yóò gba iyè rẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n fi ayùn gé e bí ó ti ń dárúkọ Ọlọ́hun, wọ́n sì fi òróró gbígbóná dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó dákú. Nínú ìrìn-àjò kan náà ni ẹran tapá pa ọmọ rẹ̀ ní ibùjẹ ẹran. Nígbà tí ó ń dúpẹ́, ohun tí ó ṣẹ́kù ni ó kà: àwọn ọmọ tí ó kù, àti apá àti ẹsẹ̀ tí Ọlọ́hun kò gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé dandan ni kí aláìsàn jẹ irú ìrora bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1846, nígbà tí wọ́n fi oògùn ìpanilóyè hàn ní gbangba ní Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ abẹ ti kúrò ní ìjẹ̀rora. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn gbà pé ó tọ́ láti lò ó fún iṣẹ́ abẹ. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kọ́ lára ‘Urwah ni pé ó gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ gbọ́ nígbà tí ó ṣì lè ṣe é láǹfààní.

KÌ Í ṢE GBOGBO ẸSẸ̀ NI WỌ́N Ń GÉ

Síbẹ̀, iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ìdáhùn sí gbogbo àrùn ẹsẹ̀. Ọmọ tuntun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́, bí wọ́n bá tètè gbé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bí i, simẹ́ǹtì funfun tí wọ́n ń wé mọ́ ọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń tún púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú abẹ kékeré lẹ́yìn gìgísẹ̀. Egbò àtọ̀gbẹ náà ní ìpele. Òmíràn, ìtọ́jú ojú egbò, oògùn àti dídín ṣúgà kù yóò tó o. Òmíràn, wọn yóò gé ẹran tí ó ti kú kúrò, tàbí kí wọ́n gba ìka kan. Ẹni tí ó bá tètè dé lè pàdánù ìka. Ẹni tí ó bá pẹ́ ni ó sábà máa ń pàdánù ẹsẹ̀.

Nítorí náà, kí aláìsàn bi dókítà ní ìbéèrè: Kí ni orúkọ àrùn náà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ẹsẹ̀ náà? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ? Ṣé èyí tí ó kéré jù ú lọ wà? Eélòó ni, báwo sì ni ìrìn yóò ti rí lẹ́yìn rẹ̀? Bí ọkàn kò bá balẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ó gba ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn lọ, ní UCH Ìbàdàn tàbí ọsibítù ńlá LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń dúdú, tí ó ń rùn, tí wíwú ń gòkè, tí ibà sì mú un, kò sí àyè ìpàdé ẹbí mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tí ó súnmọ́ wọn jù.

Àwọn kan ń lọ́ra nítorí pé ọsibítù tí ó wà nítòsí wọn ní Ṣakí jẹ́ ti ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kí wọ́n rántí pé abọ̀rìṣà ni ẹni tí ó fi ọ̀nà han Ànábì àti Abū Bakr nígbà Hijrah. Wọ́n gbà á síṣẹ́ nítorí pé ó mọ ọ̀nà, ó sì ṣeé fọkàn tán.

Kí àwọn tí kò mọ̀ ṣọ́ ẹnu wọn pẹ̀lú. Hádíìsì Jābir sọ nípa ọkùnrin kan tí ó fi orí ṣèṣe. Ó bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá tàyámọ́mù tó o, wọ́n ní kò sí ìrọ̀rùn fún un. Ó wẹ̀, ó kú. Ànábì di ẹ̀bi ikú rẹ̀ rù wọ́n, ó sì bèèrè ìdí tí wọn kò fi béèrè ohun tí wọn kò mọ̀. Ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó bá ní kí wọ́n má gé e láìmọ ohun tí ń bẹ nínú ẹsẹ̀ náà, kí ó ronú sí ìtàn yìí.

LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Kò sí ohun tí yóò bà jẹ́ nínú ìjọsìn rẹ̀. Bí egbò bá wà ní wíwé, ọwọ́ tútù ni yóò fi pa ojú aṣọ náà nígbà àlùwàlá. Bí wọ́n bá gé e kọjá ọrùn ẹsẹ̀, fífọ ẹsẹ̀ yẹn ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kí ó jókòó kírun bí kò bá lè dúró. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, wọn yóò wé e, wọn yóò sin ín, kò ní ìrun jànnásà. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà tọ́: nígbà tí ‘Arfajah pàdánù imú rẹ̀ lójú ogun, Ànábì gbà á láyè láti fi wúrà ṣe òmíràn. ‘Amr ọmọ al-Jamūh tí ó yarọ sì wà lára àwọn tí ó kú ikú ṣàhídì ní Uhud.

Ojúṣe wà fún ìjọ pẹ̀lú. Kí àwọn ọ̀dọ́ máa tẹ̀lé e dé ọsibítù. Bí ó bá jẹ́ aláìní, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣe ẹlẹ́yà.

Ní ìkẹyìn, aláìsàn tí orí rẹ̀ pé ni ó ni ara rẹ̀. Òun ni kí ó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀, kí ó kí ìrun istikhārah, kí ó sì má fi ọjọ́ falẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú tí ìbá pani, bí ó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ni. Bí ó bá ṣíni ní bàtà, ọpẹ́ náà ni.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn ní àlàáfíà, kí Ó fún àwọn oníṣègùn ní ọwọ́ rere, kí Ó sì fi ìmọ̀ tọ́ gbogbo ilé sọ́nà. Āmīn.